Iṣẹ́ Tí Ọ̀rá Ń Jẹ́ Nínú Awọ Ara Wa

Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ìta gbangba, Ìlọrin

Ìlú onímọ̀ ni Ìlọrin. Ọmọ ti ń gbé wàláà lọ sí ilé kéú kí ó tó mọ ọ̀nà ọjà. Ẹni tó bá fẹ́ bá irú àwùjọ bẹ́ẹ̀ sọ̀rọ̀ gbọ́dọ̀ mú ẹ̀rí dání, mo sì ti pinnu pé ohun tí mo bá sọ lónìí, n ó sọ ìdí rẹ̀.

Ìbéèrè kan ṣoṣo ni mo gbé wá síwájú yín. Kí ni ọ̀rá ń sọ fún sẹ́ẹ̀lì tí ń ṣe àwọ̀ ara wa, tí sẹ́ẹ̀lì náà fi ń dàgbà nígbà kan, tí ó sì fi ń dákẹ́ nígbà mìíràn? Ó lè jọ ìbéèrè tí kò yẹ kí ó jáde kúrò ní yàrá ìwádìí. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá gba ọjà wa kọjá, tó rí bí wọ́n ti to ìpara ìbóra sórí àtẹ lóríṣiríṣi, á mọ̀ pé ojoojúmọ́ ni àwọn ará ìlú wa ń fi owó ara wọn tọwọ́ bọ ọ̀rọ̀ yìí láì mọ̀.

Èrò mi nìyí, n ó sì máa padà sí i. Sẹ́ẹ̀lì tí ń ṣe àwọ̀ kì í dá ṣiṣẹ́. Iṣẹ́ ni wọ́n ń rán sí i, ọ̀rá sì ni ó ń jẹ́ púpọ̀ nínú iṣẹ́ náà. Nítorí bẹ́ẹ̀, ẹni tó bá dí ọ̀nà mọ́ àwọn ajíṣẹ́ yìí kí ara rẹ̀ lè pọ́n, ó ti dí ọ̀nà ìwòsàn àti ààbò ara rẹ̀ mọ́ ọn.

Èkínní: Ta ni sẹ́ẹ̀lì aláwọ̀?

Kí a tó mọ ohun tí wọ́n ń sọ fún un, ẹ jẹ́ kí a mọ òun fúnra rẹ̀. Awọ ara ní ipele òkè tó fẹ́lẹ́ àti ipele ìsàlẹ̀ tó nípọn. Ní ìdí ipele òkè, níbi tí ó ti bá ti ìsàlẹ̀ pàdé, ni sẹ́ẹ̀lì kan wà tí àwọn onímọ̀ ń pè ní melanocyte. Sẹ́ẹ̀lì aláwọ̀ ni n ó máa pè é. Òun ni ó ń ṣe mẹ́lánìn, èròjà tí ó sọ adúmáadán di adúmáadán.

Sẹ́ẹ̀lì náà ní ẹ̀ka tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́ tí ó nà gba àárín àwọn sẹ́ẹ̀lì tó yí i ká. Bí ó bá ti ṣe mẹ́lánìn, á dì í sínú àpò wínníwínní, á gba ojú ẹ̀ka wọ̀nyẹn pín in fún àwọn aládùúgbò rẹ̀. Ní 1963, Thomas Fitzpatrick àti A. S. Breathnach ṣàlàyé pé sẹ́ẹ̀lì aláwọ̀ kan a máa bójú tó nǹkan bí aládùúgbò 36. Bí mẹ́lánìn bá dé ọ̀dọ̀ àwọn yẹn, wọn a kó o jọ sórí kókó inú sẹ́ẹ̀lì, níbi tí àbùdá wà, kí ìtànṣán oòrùn má baà bà á jẹ́. Kí àwọ̀ tó di ọ̀rọ̀ ẹwà, ọ̀rọ̀ ààbò ni.

Ohun tí ó máa ń ya ènìyàn lẹ́nu jù nípa sẹ́ẹ̀lì yìí ni iye rẹ̀. Ẹ mú ọmọ Ìlọrin tó dúdú, ẹ mú Fúlàní tó pupa, ẹ mú òyìnbó láti Jámánì. Bí a bá ka sẹ́ẹ̀lì aláwọ̀ ní ojú ibì kan náà lára àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, iye rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀. Iṣẹ́ tí sẹ́ẹ̀lì náà ń ṣe ni ó yàtọ̀: bí àpò mẹ́lánìn ti tóbi tó, bí ó ti pọ̀ tó, àti bí ó ti ń pẹ́ tó kí ó tó fọ́. Àfín pàápàá ní sẹ́ẹ̀lì aláwọ̀. Ó wà lára rẹ̀, ó sì wà ní ipò rẹ̀. Àbùdá tó yẹ kí ó jẹ́ kí mẹ́lánìn jáde ni kò pé. Lára àwọn ènìyàn Áfíríkà, àbùdá tí a ń pè ní OCA2 ni ó sábà máa ń ní àlébù náà.

Ohun tí èyí kọ́ wa ni pé wíwà sẹ́ẹ̀lì aláwọ̀ kò tó láti fún ènìyàn ní àwọ̀. Ó di dandan kí ohun kan sọ fún un ìgbà tí yóò ṣiṣẹ́ àti bí iṣẹ́ náà yóò ti pọ̀ tó. Ta ni ń sọ ọ́?

Èkejì: Kí ni ọ̀rá ajíṣẹ́?

Bí a bá dárúkọ ọ̀rá nínú ilé wa, ọ̀rá ẹran, epo pupa, àdín àti òrí ni ó ń wá sọ́kàn. N ó pín ọ̀rá inú ara sí ọ̀nà mẹ́rin kí a má baà ṣi ara wa gbọ́.

Ọ̀rá kan wà tí ara fi pamọ́ de ìgbà ebi. Èyí ni ó máa ń mú ikùn yọ. Ọ̀rá kan wà tí a fi mọ ògiri sẹ́ẹ̀lì. Kò sí sẹ́ẹ̀lì kan nínú ara tí a kò fi ọ̀rá mọ ògiri rẹ̀. Ọ̀rá kẹta wà láàárín àwọn sẹ́ẹ̀lì òkè pátápátá nínú awọ, tí kì í jẹ́ kí omi ara gbẹ. Bí ọyẹ́ bá dé, tí ẹsẹ̀ wa funfun, tí ó là, ọ̀rá yìí ni ó dín kù. Ẹ̀kẹrin ni mo bá wá. Ó kéré púpọ̀, kì í pẹ́ láyé, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ń bẹ lẹ́nu rẹ̀.

Ìtumọ̀ tí mo fún un nìyí: ọ̀rá ajíṣẹ́ ni ọ̀rá tí sẹ́ẹ̀lì gé kúrò lára ògiri ara rẹ̀ nígbà tí ohun kan ṣẹlẹ̀ sí i, tí ó ń gbé ìròyìn ohun náà lọ, tí ara sì ń pa run kété tí ó bá ti jíṣẹ́ tán. Ẹ di ohun mẹ́ta yìí mú: gígé, jíjíṣẹ́, àti píparun. Bí ọ̀kan bá yẹ̀ nínú wọn, wàhálà dé.

Ẹ́ńsáìmù ni ó ń ṣe gígé náà, oríṣi mẹ́ta ni ó sì kàn wá lónìí. Èyí tí ń jẹ́ phospholipase A2 a máa gé arachidonic acid jáde. Láti ara rẹ̀ ni ara ti ń ṣe prostaglandin àti leukotriene. Èyí tí ń jẹ́ phospholipase C a máa gé diacylglycerol, tí kì í jáde kúrò lára ògiri. Níbẹ̀ ni ó dúró sí, tí ó ń pe prótéènì kan tí a ń pè ní protein kinase C pé kí ó wá gba iṣẹ́. Ẹ̀kẹta ni sphingomyelinase, tí ń gé ceramide.

Ọ̀rọ̀ wọ̀nyí jìn sí etí, ṣùgbọ́n wọn kò jìnnà sí ilé wa. Ulf von Euler sọ prostaglandin lórúkọ ní 1935. Ní 1971, John Vane fi hàn pé ìdí tí aspirin fi ń pa ìrora ni pé kì í jẹ́ kí ara ṣe prostaglandin. Ní 1982, wọ́n fún òun, Sune Bergström àti Bengt Samuelsson ní ẹ̀bùn Nobel lórí ọ̀rọ̀ yìí. Gbogbo ẹni tó ti lo aspirin fún orífífọ́ rí nínú gbọ̀ngàn yìí ti dá ọ̀rá ajíṣẹ́ dúró lọ́nà rí.

Ẹ̀kẹta: Kí ni a ń pè ní ìdàgbà?

Mo fẹ́ kí a dúró díẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ yìí, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ àríyànjiyàn ti ń bẹ̀rẹ̀. Bí a bá ní sẹ́ẹ̀lì aláwọ̀ dàgbà, ohun mẹ́ta ni a lè ní lọ́kàn. Ó lè jẹ́ pé ó pín sí méjì, tí iye rẹ̀ fi pọ̀ sí i. Ó lè jẹ́ pé ó na ẹ̀ka, tí ọwọ́ rẹ̀ fi tó aládùúgbò tí kò tó tẹ́lẹ̀. Ó sì lè jẹ́ pé ó dàgbà nínú iṣẹ́, tí mẹ́lánìn rẹ̀ fi pọ̀ sí i. Ọ̀rá ajíṣẹ́ kan lè pàṣẹ ọ̀kan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta láì pàṣẹ ìyókù. Ọ̀rá kan wà tí ń dá ẹ̀mí sẹ́ẹ̀lì yìí sí, tí ó sì ń ní kí ó dín mẹ́lánìn kù. Ẹni tó bá ń bi mí bóyá ọ̀rá kan ń mú ara dúdú tàbí ó ń mú un pọ́n, n ó kọ́kọ́ bi í pé èwo nínú ìdàgbà mẹ́ta yìí ni ó ń wí.

Ẹ̀kẹrin: Ọ̀rá tí ń sọ pé "dìde"

Ọjọ́ pẹ́ tí àwọn onímọ̀ ti fẹ́ tọ́ sẹ́ẹ̀lì aláwọ̀ ènìyàn nínú ìgò, tí kò ṣeé ṣe. Àwọn sẹ́ẹ̀lì mìíràn nínú awọ a gbilẹ̀, sẹ́ẹ̀lì aláwọ̀ a kú. Ní 1982, Magdalena Eisinger àti Olga Marko ní New York rí ọ̀nà rẹ̀. Wọ́n fi nǹkan méjì sí oúnjẹ sẹ́ẹ̀lì náà: májèlé inú kòkòrò àrùn onígbáméjì, àti phorbol ester, èròjà kan tí ó wà nínú epo igi croton. Sẹ́ẹ̀lì aláwọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í pọ̀. Igi croton àti bòtujẹ̀ tí a fi ń ṣe ọgbà ní ẹ̀yìnkùlé wa, mọ̀lẹ́bí ni wọ́n. Phorbol ester wà nínú hóró bòtujẹ̀ náà.

Èéṣe tí epo igi fi lè pàṣẹ fún sẹ́ẹ̀lì ènìyàn? Ìdáhùn wá láti Kobe, ní Japan, lọ́dún 1982 yẹn kan náà. Yasutomi Nishizuka, tí ó ti ṣàwárí protein kinase C tẹ́lẹ̀, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi hàn pé phorbol ester a máa jókòó sí àyè diacylglycerol gan-an. Sẹ́ẹ̀lì rò pé ọ̀rá ajíṣẹ́ ti òun ni ó dé. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ ni pé diacylglycerol a jíṣẹ́, a parẹ́; phorbol ester kì í parẹ́ bọ̀rọ̀, ìdí nìyẹn tí ó fi léwu, tí ó sì lè ran jẹjẹrẹ lọ́wọ́. Mo bẹ̀ yín, kí ẹnikẹ́ni má ti ibí lọ fi epo bòtujẹ̀ para.

Ní 1989, Pamela Gordon àti Barbara Gilchrest ní Boston fi diacylglycerol tí a ṣe lọ́wọ́ bọ́ sẹ́ẹ̀lì aláwọ̀ ènìyàn, mẹ́lánìn rẹ̀ sì pọ̀ sí i. Ní 1995, Gilchrest àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi irú rẹ̀ pa awọ ẹranko tí a ń pè ní guinea pig, awọ náà sì dúdú. Ọ̀rá ajíṣẹ́ nìkan ni wọ́n fi kàn án. Kò sí oòrùn níbẹ̀.

Lọ́dún 1989 yẹn náà ni Joseph Morelli àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Colorado rí i pé leukotriene C4 àti D4 ń mú kí sẹ́ẹ̀lì aláwọ̀ pín, kí ó pọ̀. Ní 2004, Glynis Scott àti àwọn tí ó bá a ṣiṣẹ́ ní Rochester fi hàn pé prostaglandin E2 àti F2-alpha ń mú kí sẹ́ẹ̀lì yìí na ẹ̀ka. Ẹ rántí ìdàgbà mẹ́ta tí mo kà: diacylglycerol pàṣẹ mẹ́lánìn, leukotriene pàṣẹ iye, prostaglandin pàṣẹ ẹ̀ka.

Ẹ jẹ́ kí a mú èyí wá sí ojú awọ. Ọmọdébìnrin kan tẹ rorẹ́ ojú rẹ̀ títí ó fi bẹ́. Ní ọ̀sẹ̀ mélòó kan, rorẹ́ ti lọ, àpá dúdú jókòó sí ipò rẹ̀, ó sì lè wà níbẹ̀ fún oṣù mélòó kan. Ìyá rẹ̀ á ní ìdọ̀tí ni, á ní kí ó fi kànìnkànìn ha á. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé sẹ́ẹ̀lì tó farapa gé ọ̀rá kúrò lára ògiri wọn, wọ́n ṣe prostaglandin àti leukotriene, wọ́n fi pe àwọn ọmọ ogun ara pé kí wọ́n wá. Sẹ́ẹ̀lì aláwọ̀ gbọ́ ìpè náà, ó sì dìde pẹ̀lú wọn. Bí ó bá fi kànìnkànìn ha á, ìfarapa tuntun ni, ìpè tuntun ni, àpá náà á sì dúdú jù ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Ẹ̀rí kejì wà lójú àwọn bàbá wa. Fún àrùn ojú tí ń jẹ́ glaucoma, èyí tí ń rọra jí ìríran gbé, dókítà lè kọ oògùn ìkánlójú tí ń jẹ́ latanoprost. Láti 1996 ni wọ́n ti ń lò ó. Prostaglandin ni wọ́n tún ṣe. Ẹ wo bàbá tó ń kán an sí ojú kan ṣoṣo fún oṣù mẹ́fà. Irun ìpéǹpéjú ojú náà á gùn, á nípọn, á sì dúdú ju ti èkejì lọ. Lára òyìnbó tí ẹyin ojú rẹ̀ ní àwọ̀ ewé pọ̀ mọ́ àwọ̀ ilẹ̀, ẹyin ojú pàápàá lè ṣókùnkùn. Ẹ̀kán oògùn kan lójúmọ́, ọ̀rá ajíṣẹ́ wínnípín nínú rẹ̀, sẹ́ẹ̀lì aláwọ̀ sì gbọ́.

Ẹ̀karùn-ún: Ọ̀rá tí ń sọ pé "rọra"

Bí ó bá jẹ́ "dìde" nìkan ni sẹ́ẹ̀lì ń gbọ́, kò sí ẹni tí awọ rẹ̀ yóò rí bákan náà lọ́dún méjì. Ara ní ọ̀rá tí ń dáni dúró. Ní 2002, àwọn onímọ̀ ní Seoul, ní Korea, fi irú ceramide kan sí sẹ́ẹ̀lì aláwọ̀ ènìyàn. Pípọ̀ rẹ̀ dín kù, mẹ́lánìn rẹ̀ sì dín kù. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, wọ́n dán ọ̀rá mìíràn wò tí a ń ṣe láti ara ceramide, tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ sphingosine-1-phosphate. Òun ni mo ní lọ́kàn lẹ́ẹ̀kan: ó ń dá ẹ̀mí sẹ́ẹ̀lì sí nígbà tí ìtànṣán oòrùn fẹ́ pa á, ó sì tún ń dín mẹ́lánìn rẹ̀ kù.

Ọ̀nà tí ọ̀rá méjèèjì yìí gbà ni pé wọ́n ń mú kí ara tètè fọ́ prótéènì kan tí ń jẹ́ MITF. Prótéènì yìí ni olórí sẹ́ẹ̀lì aláwọ̀. Òun ní í sọ ẹ́ńsáìmù tí a ó ṣe àti ìgbà tí a ó ṣe é. Bí ó bá pọ̀, tyrosinase, ẹ́ńsáìmù tí ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ mẹ́lánìn, á pọ̀. Bí ó bá lọ sílẹ̀, iṣẹ́ á rọlẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ ń fetí sílẹ̀ dáadáa ti rí i pé ceramide yìí náà ni ó wà nínú ọ̀rá kẹta, èyí tí ń sé omi mọ́ awọ nígbà ọyẹ́. Ọ̀rá kan náà ń ṣe iṣẹ́ méjì ní ibi méjì. Ohun tí ń sé omi mọ́ awọ ń bá sẹ́ẹ̀lì aláwọ̀ sọ̀rọ̀. Ohun tí ń pe àwọn ọmọ ogun ara sójú ọgbẹ́ ń bá a sọ̀rọ̀. Kò sí bí ènìyàn ṣe lè fa àwọ̀ nìkan yọ kúrò nínú ọ̀rọ̀ yìí, kí ó fi ìyókù sílẹ̀ bó ṣe wà. Ibẹ̀ ni èrò mi dúró lé.

Ẹ̀kẹfà: Ìpara tí ń dí ọ̀nà

Ohun mẹ́ta ni ó sábà máa ń wà nínú ìpara ìbóra. Èkínní ni mákúrì, èkejì ni hydroquinone. Àwọn méjèèjì ń dá tyrosinase lọ́wọ́ kọ́. Hydroquinone sì ń pa sẹ́ẹ̀lì aláwọ̀ lára. Mákúrì a máa wọnú ẹ̀jẹ̀, a sì ba kíndìnrín jẹ́. Ní 1975, dókítà G. H. Findlay àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní South Africa kọ̀wé nípa àwọn obìnrin tí hydroquinone ti sọ ojú wọn di dúdú mọ́ búlúù, dúdú tí kì í lọ mọ́. Orílẹ̀-èdè náà padà fòfin de àwọn ìpara náà. Ní Nàìjíríà, NAFDAC, àjọ tí ń ṣọ́ oúnjẹ àti oògùn, fòfin de mákúrì nínú ìpara, kò sì gba hydroquinone tí ó bá ju ìdá 2 nínú 100 lọ.

Ẹ̀kẹta, steroid, ni ó kan ọ̀rọ̀ ọ̀rá gan-an. Clobetasol àti betamethasone, tí wọ́n jẹ́ irú rẹ̀, jẹ́ oògùn gidi. Dókítà ń kọ ọ́ fún èèlá líle, fún ọjọ́ díẹ̀, sí ojú ibi kékeré. Bí steroid bá wọ sẹ́ẹ̀lì, á mú kí ó ṣe prótéènì kan tí ń jẹ́ annexin A1, tí ń di phospholipase A2 lọ́wọ́ mú. Gígé dúró. Arachidonic acid kò jáde. Prostaglandin kò sí, leukotriene kò sí. Sẹ́ẹ̀lì aláwọ̀ ń retí ìpè, kò gbọ́ ọ. Ó ká ẹ̀ka rẹ̀ kò, ó rọlẹ̀, ara sì bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n.

Ó dà bí ìgbà tí ènìyàn dí omi odò Asà lókè pátápátá kí ó má baà dé oko ẹnì kan. Oko ẹni yẹn á gbẹ lóòótọ́, ṣùgbọ́n gbogbo oko tó wà nísàlẹ̀ ni yóò bá a gbẹ. Ọ̀rá tí ó yẹ kí ó pe sẹ́ẹ̀lì aláwọ̀ ni ó yẹ kí ó pe àwọn ọmọ ogun ara pé làpálàpá ti wọlé, pé ọgbẹ́ ti ṣẹlẹ̀. Steroid tún ń dá iṣẹ́ àwọn sẹ́ẹ̀lì tí ń mú awọ nípọn dúró. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ.

Ẹ wo ọwọ́ obìnrin tó ti ń lo ìpara àpòpọ̀ tó ní steroid fún ọdún mẹ́ta mẹ́rin, nígbà tó bá ń ka ṣéńjì fún oníbàárà. Ẹ̀yìn ọwọ́ ti pọ́n, ó sì ti fẹ́lẹ́ débi pé iṣan ẹ̀jẹ̀ hàn ní àwọ̀ ewé. Oríkèé ìka dúdú kirikiri, nítorí awọ ibẹ̀ nípọn, ó kákò, gbogbo ìgbà ni ó sì ń fara gbo nǹkan. Bí ó bá gbé apá sókè, ìlà gbọọrọ wà lábẹ́ abíyá, tí kì í lọ. Làpálàpá tó wà lẹ́yìn ọrùn rẹ̀ kò pupa, kò ní ìpẹ́, nítorí pé kò sí ẹni tí ó pe ọmọ ogun. Ó kàn ń fẹ̀ sí i lábẹ́lẹ̀. Bí wọ́n bá fẹ́ ṣiṣẹ́ abẹ fún un lọ́la, awọ náà lè má di òwú tí wọ́n fi rán an mú. Bí steroid bá sì wọnú ẹ̀jẹ̀ tó, ìtọ̀ ṣúgà àti ẹ̀jẹ̀ ríru lè tẹ̀ lé e.

Bí ó bá jáwọ́ lójijì, gbogbo iṣẹ́ tí wọ́n ti dí lọ́nà á ya wọlé lẹ́ẹ̀kan náà. Ojú á pupa, á máa jó o, á máa yún un, lẹ́yìn náà á dúdú ju bó ti wà lọ. Yóò sá padà sídìí ìpara náà, á rò pé ìpara ni ó ń wo òun sàn.

Èkeje: Nígbà tí iṣẹ́ kò bá dáwọ́ dúró

Mo sọ pé píparun wà nínú ìtumọ̀ ọ̀rá ajíṣẹ́. Ọ̀rá kan wà tí ń jẹ́ PIP3, tí ń sọ fún sẹ́ẹ̀lì pé kí ó wà láàyè, kí ó sì pín. Prótéènì PTEN ni ó ń pa á run lẹ́yìn tí ó bá jíṣẹ́. Nínú àwọn kan lára jẹjẹrẹ sẹ́ẹ̀lì aláwọ̀, PTEN ti sọnù; àṣẹ "pín" ń tẹ̀ síwájú, kò sí ẹni tí yóò pa á lẹ́nu mọ́.

Lára aláwọ̀ dúdú, jẹjẹrẹ yìí kò wọ́pọ̀, mẹ́lánìn wa ń gbà wá. Ṣùgbọ́n bí ó bá dé, àtẹ́lẹsẹ̀, àtẹ́lẹwọ́ àti abẹ́ èékánná ni ó sábà máa ń jókòó sí, níbi tí mẹ́lánìn ti kéré tí a kì í sì í wò. Abẹ́ èékánná ẹsẹ̀ ni ó ti mú akọrin Bob Marley. Wọ́n rí i ní 1977, ó sì pa á ní May 11, 1981, nígbà tó wà ní ẹni ọdún 36. Bí ẹ bá ń ṣe àlùwàlá, tí ẹ ń fọ ẹsẹ̀, ẹ yí àtẹ́lẹsẹ̀ sókè kí ẹ wò ó. Àmì dúdú tó ń fẹ̀, tí etí rẹ̀ kò dọ́gba, tàbí ìlà dúdú lábẹ́ èékánná tó ń gbòòrò, ẹ gbé e lọ fún dókítà. Ẹ má lé ewé mọ́ ọn.

Ẹ̀kẹjọ: Àwọn tí yóò bá mi jiyàn

Àwọn kan á ní, "Àwa kì í bóra, tọ́nìn ni à ń ṣe." Mo gbọ́ ọ tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Ìdáhùn mi ni pé sẹ́ẹ̀lì kò mọ orúkọ tí a kọ sára ike. Bí steroid bá wà nínú rẹ̀, á dí ọ̀nà. Ìbéèrè tó yẹ kí a bi ẹni tó ń tà á ni pé kí ló wà nínú rẹ̀, kí ló sì ń dá dúró nínú awọ.

Àwọn kejì á ní, "Bí ọ̀rá bá lágbára báyìí, kí ló dé tí a kò fi lò ó fún ìwòsàn?" Wọ́n ti ń gbìyànjú rẹ̀. Ní Chandigarh, ní India, Davinder Parsad àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kọ̀wé ní 2002 lórí bí wọ́n ti fi ìpara prostaglandin E2 sí ojú ibi tó funfun lára àwọn tó ní vitiligo, àrùn tí sẹ́ẹ̀lì aláwọ̀ ti ń kú, àwọ̀ sì padà lára àwọn kan. Ẹ wo bí wọ́n ṣe ṣe é: ìwọ̀n mímọ̀, ojú ibi kékeré, dókítà ń ṣọ́ ọ. Ìmọ̀ tó ń wo vitiligo àti èyí tó wà nínú ìpara àpòpọ̀ ti ibì kan náà wá. Ìwọ̀n àti ìṣọ́ra ni ó yà wọ́n.

Àwọn kẹta, ẹ̀yin ìyá wa, á béèrè nípa òrí. Ṣé òrí tí a fi ń para ọmọ a máa mú un dúdú? Rárá. Òrí inú àgbò wa, epo pupa inú ọbẹ̀ wa, ọ̀rá tí a fi ń bo awọ tàbí tí a ń jẹ ni wọ́n. Ọ̀rá ajíṣẹ́, sẹ́ẹ̀lì fúnra rẹ̀ ní í gé e nínú ara. Ohun tí òrí ń ṣe ni pé ó ń bá awọ sé omi mọ́lé, awọ tó bá sì lómi kì í tètè là, kì í tètè yún. Àwọn Yorùbá àti àwọn Bàrúbá ìpínlẹ̀ Kwara tí ń ṣe òrí ń ta ohun rere.

Ìparí

Mo ti fi hàn pé sẹ́ẹ̀lì aláwọ̀ wà lára gbogbo wa ní iye tí kò jìnnà síra. Pé ọ̀rá kan wà tí wọ́n ń gé, tí ń jíṣẹ́, tí a sì ń pa run. Pé diacylglycerol, leukotriene àti prostaglandin ń sọ fún un pé kí ó dìde, tí ceramide àti ìbátan rẹ̀ ń ní kí ó rọra. Pé steroid inú ìpara ń dí ọ̀nà náà láti òkè. A máa ń sọ pé bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, a fi tọmọ jẹ́ ẹ. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni àwọn ọ̀rá yìí ń ṣe fún wa lójoojúmọ́, láì gba owó. Iṣẹ́ tiwa ni kí a má dí wọn lọ́nà.

Ẹ̀yin apòògùn, ẹ má ta ọ̀pá ìpara steroid fún ẹni tí kò mú ìwé dókítà wá. Ẹ̀yin ìyá tí ẹ ń múra ìyàwó sílẹ̀, lálì tó mọ ọwọ́ àti ẹsẹ̀ àti òrí tó dán ara ti tó ọ̀ṣọ́; ẹ má jẹ́ kí ọmọ fi awọ rẹ̀ san owó ìgbéyàwó. Ẹ̀yin àáfà àti pásítọ̀, ẹ bá wa sọ ọ́ lórí mínbárì àti lórí pẹpẹ láì bú ẹnikẹ́ni, nítorí ìtìjú ni ó ń mú kí àwọn tó ń bóra fi ọ̀rọ̀ pamọ́ fún dókítà. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Ìlọrin àti ti Kwara State University ní Màlété, New York, Kobe àti Seoul ni mo ti kó ọ̀pọ̀ ẹ̀rí mi wá lónìí. Ó yẹ kí ẹni tó bá máa sọ̀rọ̀ lórí pèpéle yìí lọ́jọ́ iwájú lè mú ẹ̀rí wá láti Ìlọrin, lórí awọ àwọn ènìyàn wa.

Ẹ̀yin tí ẹ ń lò ó lọ́wọ́, ẹ̀yin ni mo fi sí ìparí nítorí ẹ̀yin ni mo fẹ́ràn jù nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ẹ má jáwọ́ lójijì. Ẹ gbé ike ìpara náà, bó ṣe wà, lọ sọ́dọ̀ dókítà awọ, ẹ sọ iye ìgbà tí ẹ ti fi ń lò ó, ẹ jẹ́ kí ó bá yín dín in kù díẹ̀díẹ̀. Sẹ́ẹ̀lì aláwọ̀ yín tó kù lè gbọ́ ìpè padà bí ẹ bá ṣí ọ̀nà fún un, bí ẹ bá sì tètè ṣí i, awọ yín lè sàn dáadáa.